Ìbéèrè Yín Lórí Ọ̀gbà: Lẹ́túùsì Nínú Ooru Àkúrẹ́ àti Òǹdó

A kó àwọn lẹ́tà tó wọlé lórí lẹ́túùsì jọ sójú kan, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn: ooru. Ẹni tí kò bá ráyè ka gbogbo rẹ̀, kó ka ìdáhùn àkọ́kọ́ àti èkejì.

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbin lẹ́túùsì sínú bẹ́sìnnì lórí bákónì wa, ní oṣù kejì àti oṣù kẹta. Mo fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó dáadáa, mo sì ń bomi rin ín láràárọ̀. Mẹ́ta péré ló hù. Ẹni tó tà á fún mi ń búra pé hóró rẹ̀ dára. Ta ni kí n gbà gbọ́? — Ìyálé ilé kan, Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́

Ó ṣeé ṣe kí òótọ́ wà lẹ́nu ẹni tó tà á, ìyá wa. Hóró lẹ́túùsì máa ń sùn bí ilẹ̀ bá gbóná. Ìwọ̀n 15 sí 20°C ló bá a lára jù. Bí iyẹ̀pẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ bá ti ń lọ sí 27 tàbí 30°C, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ kò ní hù, bó ti wù kí omi pọ̀ tó. Bẹ́sìnnì tó wà lórí bákónì tí oòrùn ọ̀sán oṣù kejì ń pa kò lè ṣàìgbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Mo fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó dáadáa" yẹn náà dá kún un. Hóró yìí kéré gan-an, nǹkan bí 800 sí 1,000 ló ń wà nínú gíráàmù kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ kí wọ́n tó hù. Bí ẹ bá rì í mọ́lẹ̀ bí àgbàdo, oúnjẹ inú rẹ̀ á tán kó tó yọ orí síta.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ rẹ bébà ìnuwọ́ sínú omi, kí ẹ fún un kó má kán tó mọ́. Ẹ fọ́n hóró tí ẹ nílò sórí rẹ̀, bíi 40, ẹ ká bébà náà lé e, kí ẹ fi í sínú abọ́ onídèrí. Ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ fíríìjì (kò gbọdọ̀ jẹ́ apá tó ń dì) fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Níbi tí iná ò bá ti dúró, ẹ gbé abọ́ náà sí ẹsẹ̀ àmù nínú ilé, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń tutù. Kò tó fíríìjì, ṣùgbọ́n ó sàn ju bákónì lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ gbìn ín, kó lè jẹ́ pé òru tútù ló máa kọ́kọ́ bá a. Ẹ kọ́kọ́ bomi rin iyẹ̀pẹ̀ títí omi á fi jáde nísàlẹ̀. Ẹ po hóró náà mọ́ ìkúnwọ́ iyanrìn gbígbẹ kan kó má bàa ṣù jọ, ẹ fọ́n ọn, kí ẹ wá fi ajọ̀ ta iyẹ̀pẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i lórí, kó má ju mìlímítà mẹ́ta lọ. Ẹ ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́ bò ó, ẹ gbé e sí ibòji, kí ẹ máa wọ́n omi sórí aṣọ náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Láti ọjọ́ kejì ni kí ẹ ti máa ṣí i wò. Ní kété tí ẹ bá ti rí i tó ń yọrí, ẹ ká aṣọ kúrò, kí ẹ gbé e síbi tí oòrùn àárọ̀ ti lè kàn án. Bí aṣọ bá pẹ́ lórí rẹ̀, ọrùn rẹ̀ á gùn, á sì ṣubú.

Ohun méjì kù tó lè jẹ́ kí ẹ rò pé kò hù. Èèrà máa ń kó hóró yìí lọ sínú ihò wọn. Ẹ gbé bẹ́sìnnì lé bíríkì, kí ẹ fi abọ́ omi yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Èkejì ni pé hóró tó ti pẹ́ lójú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù ti kú ní tirẹ̀. Kí ẹ tó tún gbin páálí kan, ẹ fi 20 hóró dán an wò nínú bébà tútù. Bí 15 bá là láàárín ọjọ́ méje, ọjà rere ni.

Bí ewé gidi mẹ́ta sí mẹ́rin bá ti yọ, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ lọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ má ri ọkàn rẹ̀, ìyẹn ibi tí ewé tuntun ti ń yọ, mọ́ iyẹ̀pẹ̀. Ó máa rà.

Irú tí wọ́n ń gbé síwájú ẹni ní hòtẹ́ẹ̀lì, tó dì pọ̀ bíi kábééjì, ni mo fẹ́. Great Lakes ni wọ́n kọ sára páálí tí mo rà. Ó yọ ewé, kò dì, ó wá na ọ̀pá sókè, ó ta òdòdó. Kí ni mo ṣe tí kò dáa? — Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ìlú Òǹdó

Irú tí ẹ yàn ló le jù fún ilẹ̀ wa, bàbá wa. Great Lakes wà lára àwọn tó ń di orí líle, ìran kan náà pẹ̀lú iceberg. Ó ń lo ọjọ́ 70 sí 85 kó tó di orí, ó sì ń fẹ́ kí òru tutù ní gbogbo àsìkò yẹn. Ìdí nìyẹn tí lẹ́túùsì fi ń ti Jọ́ọ̀sì wá sí ọjà wa. Òkè ni Jọ́ọ̀sì wà, ó tutù. Bí ooru bá ti kọjá 27°C léraléra, ewéko náà á rò pé ìgbà rẹ̀ ti pé, á sáré na ọ̀pá láti so èso kó tó kú. Ní òkè òkun, gígùn ọjọ́ tún máa ń tì í ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tiwa kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá wákàtí 12 àbọ̀ nígbàkígbà nínú ọdún. Ooru nìkan ni ọ̀tá wa.

Tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ wa, ẹ fi olórí líle sílẹ̀ fún Jọ́ọ̀sì. Eléwé títú ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, irú tí kì í di orí rárá: Black Seeded Simpson, Salad Bowl, Lollo Rosso àti àwọn tí ewé wọn gé wọnú bí ewé igi óákù. Ọjọ́ 45 sí 55 ló ń gbà kó tó dàgbà tán, ẹ sì lè ti máa já ewé rẹ̀ kéékèèké láti bí ọjọ́ 30. Bó bá tilẹ̀ wá fẹ́ na ọ̀pá, ẹ ti jẹ nínú rẹ̀ ná.

Romaine ló tẹ̀ lé e. Òun ló ń nàró, tí ewé rẹ̀ gùn, tí iṣan àárín rẹ̀ sì nípọn tó ń dún lẹ́nu. Ọjọ́ 65 sí 75 ló ń gbà. Ẹ wá Jericho bí ẹ bá lè rí i; Ísírẹ́lì ni wọ́n ti mú un jáde nítorí ooru. Parris Island Cos náà dáa, ṣùgbọ́n kò le tó o. Butterhead, bíi Buttercrunch, rọ̀ lẹ́nu, ó sì dùn, ọjọ́ 55 sí 65, àmọ́ ewé rẹ̀ fẹ́lẹ́, oòrùn máa ń tètè jó o. Bí ó bá ṣe dandan kí ẹ jẹ èyí tó ń dún bíi kábééjì, àwọn tí wọ́n ń pè ní Batavia ni kí ẹ wá. Wọ́n wà láàárín eléwé títú àti olórí líle, wọ́n sì ń fara da ooru ju Great Lakes lọ.

Àyè láàárín igi kan sí èkejì: 20 sẹ̀ǹtímítà fún eléwé títú, 25 fún butterhead àti romaine, 30 sí 35 fún olórí líle.

Ní ti àsìkò, ẹ gbin hóró láàárín ìdajì oṣù kẹwàá sí ìparí oṣù kọkànlá, kí ó lè dàgbà nínú òru ọyẹ́. Ìgbà kejì ni oṣù keje. Ìkùukùu máa ń bo oòrùn nígbà náà títí wọ oṣù kẹjọ, ọ̀sán sì máa ń tutù ju ti ìyókù ọdún lọ, ṣùgbọ́n ẹ ó nílò ọ̀rá tó mọ́ gaara lókè rẹ̀ kí òjò má bàa jẹ́ kó rà. Láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin, ẹ fún ọwọ́ yín ní ìsinmi.

Ìgbàkígbà tó wù kó jẹ́, oòrùn àárọ̀ fún wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ti tó o. Lẹ́yìn aago mọ́kànlá, kó wà lábẹ́ ibòji: ẹ̀gbẹ́ ilé tó kọjú sí ìlà oòrùn, nẹ́ẹ̀tì tó ń dá ìdá 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ dúró, tàbí imọ̀ ọ̀pẹ tí ẹ tò lé igi ní gíga mítà kan. Kí imọ̀ náà ṣí díẹ̀díẹ̀. Bó bá ṣókùnkùn jù, ewé á tẹ́ẹ́rẹ́, kò ní níkun.

Lẹ́túùsì pupa ni àwòrán ara páálí. Tèmi ń hù ní àwọ̀ ewé lásán. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni? — Ọ̀bà-Ilé

Ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó lágbára àti òru tútù ló ń mú kí àwọ̀ pupa yẹn jáde. Nínú ibòji àti ooru, ó máa ń parẹ́. Ẹ jẹ́ kí oòrùn àárọ̀ kàn án ní wákàtí kan sí méjì sí i. Bí ewé tuntun bá ń yọ pẹ̀lú etí tó pọ́n díẹ̀, irú tí wọ́n kọ ni wọ́n tà fún yín. Bí kò bá pọ́n rárá nínú ọyẹ́, ẹ padà lọ bá wọn.

Sìmẹ́ǹtì ni gbogbo àgbàlá wa. Mo ní àpò ìrẹsì àti rọ́bà ọ̀dà. Mo bu ìyẹ̀fun pákó ní sọ́míìlì, mo pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìẹ àti iyẹ̀pẹ̀, ìdajì ìdajì. Gbogbo rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, òmíràn sì jóná létí. — Baba onílé kan, ojú ọ̀nà Ọ̀dà, Àkúrẹ́

Ìṣòro méjì ni ẹ pò pọ̀, bàbá. Ìyẹ̀fun pákó tútù máa ń gba náítírójìn, ìyẹn ọ̀kan nínú oúnjẹ ewéko, inú iyẹ̀pẹ̀ fún ara rẹ̀, torí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ igi náà nílò rẹ̀. Ohun tó sọ ewé di pípọ́n nìyẹn. Ìgbẹ́ adìẹ tútù ní tirẹ̀ ló jó etí ewé. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa rò pé ọ̀kan á wo èkejì sàn. Ó máa ń ṣẹlẹ̀, àmọ́ lẹ́yìn oṣù púpọ̀ tí wọ́n ti jọ rà pọ̀ ni, kì í ṣe nígbà tí lẹ́túùsì ti wà nínú rẹ̀.

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ dà síbì kan, ẹ fi ewé gbígbẹ kún un, ẹ rin ín kó tutù bí aṣọ tí a fún, kí ẹ máa yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná dé ibi tí ọwọ́ kò ti ní lè dúró pẹ́ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, nígbà tó bá ti dúdú, tó ń rùn bí ilẹ̀ inú igbó, ó ti di ajílẹ̀. Èèpo kókó, tó pọ̀ nílẹ̀ wa, náà dára fún òkìtì yìí bí ẹ bá gé e wẹ́wẹ́. Eérú rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Eérú tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú ni, ó le. Ìkúnwọ́ kan ti tó fún páànù mẹ́rin iyẹ̀pẹ̀.

Nítorí pé tútù la ń jẹ lẹ́túùsì, ẹ má fi ìgbẹ́ adìẹ tí kò tíì rà sí ìdí rẹ̀ láéláé. Àìsàn inú ń bẹ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ti pò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀ láìjẹ́ kó kọ́kọ́ rà nínú òkìtì, ó kéré tán kí oṣù mẹ́rin kọjá kí ẹ tó já ewé níbẹ̀.

Iyẹ̀pẹ̀ tó dára fún àpò: páànù méjì iyẹ̀pẹ̀ dúdú, ọ̀kan ajílẹ̀ tó ti rà, ọ̀kan iyanrìn odò tó ṣe gbàngbàn. Ẹ má bu iyẹ̀pẹ̀ orí àkìtàn àtijọ́, bó ti wù kó dúdú tó, nítorí bátìrì àti ìgò tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ká etí àpò ìrẹsì sílẹ̀ kó ku gíga 25 sẹ̀ǹtímítà. Gbòǹgbò lẹ́túùsì kì í jìn. Ẹ lu ihò mẹ́fà sí mẹ́jọ tó tó ìka ọmọdé sídìí rọ́bà. Rọ́bà ọ̀dà 20 lítà gba romaine kan tàbí eléwé títú méjì. Igi 12 sí 15 máa tó ilé elénìyàn márùn-ún, bí ẹ bá ń gbin díẹ̀ sí i lọ́sẹ̀ méjì méjì dípò kí ẹ gbin gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ tún lè da ìyẹ̀fun pákó sórí iyẹ̀pẹ̀, sẹ̀ǹtímítà méjì péré, kí omi má bàa tètè gbẹ. Lórí nìkan o, ẹ má pò ó mọ́ ọn.

Tèmi korò bí ewúro, etí ewé inú rẹ̀ sì ń di búráùn. Wọ́n ní kí n da ẹfun sí i. — Òǹdó

Ẹ má da ẹfun sí i. Búráùn etí ewé inú yẹn ń wá nígbà tí kálísíọ̀mù, tí òun náà jẹ́ oúnjẹ ewéko, kò bá dé ewé kékeré tó ń sáré dàgbà. Ó sábà máa ń wà nínú iyẹ̀pẹ̀ tẹ́lẹ̀; omi ni kò gbé e dé òkè déédéé. Ẹni tó bá bomi rin ín lónìí, tó gbàgbé lọ́la àti ọ̀túnla, tó wá da garawa kan lé e lọ́jọ́ kẹrin, á rí i. Ẹ máa rin ín láràárọ̀, nígbà ọyẹ́ ẹ fi ìrọ̀lẹ́ kún un. Ẹ ki ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ dé oríkèé kejì. Bó bá gbẹ níbẹ̀, ẹ ti pẹ́. Ẹ dín ajílẹ̀ kù pẹ̀lú, torí ìdàgbà àsáréjù náà ń fà á. Bó bá jẹ́ ewé ìta nìkan ló gbẹ létí, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tàbí ajílẹ̀ tí wọ́n ń tà nínú àpò tó pọ̀ jù ni.

Ìkorò rẹ̀ wà nínú oje funfun tó ń jáde bí ẹ bá gé e. Òùngbẹ, ooru àti ọjọ́ orí ló ń mú un pọ̀. Bí àárín rẹ̀ bá ti ń ga bí òpó, kò sí omi tí ẹ fẹ́ rẹ ẹ́ sí tó máa mú un kúrò. Ẹ má dà á nù ṣá. Ìbátan ẹ̀fọ́ yánrin ni lẹ́túùsì. Ẹ bọ̀ ọ́, ẹ fún un, ẹ fi ẹ̀gúsí sè é bí ẹ ti ń se yánrin.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ìgbín àti ìrẹ̀ ò jẹ́ kí n gbádùn. Aládùúgbò mi ní kí n fọ́n oògùn ẹ̀fọn sí i. — Ìdànrè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́n ọn. Oògùn inú ilé kò sí fún ewé tí a máa jẹ láìsè, fífọ̀ kì í sì í mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Bákan náà ni oògùn ìgbín, pàápàá níbi tí ọmọdé ti ń ṣa ìgbín jẹ. Ẹ gbé èèpo ìbẹ́pẹ sílẹ̀ lẹ́bàá àpò ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì ṣà wọ́n lábẹ́ rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Eérú tí àwọn èèyàn ń yí ká kò wúlò mọ́ bí òjò bá ti pa á.

Ìrẹ̀ ló ń gé ọmọ lẹ́túùsì nídìí bí ẹni fi abẹ gé e. Ẹ gé ike omi sí òrùka gíga sẹ̀ǹtímítà méje, kí ẹ ri sẹ̀ǹtímítà méjì nínú rẹ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ yí igi kọ̀ọ̀kan ká títí á fi lágbára. Fún kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń rọ̀ mọ́ abẹ́ ewé, ẹ po ṣíbí ìmutíì kan ọṣẹ olómi ìfọbọ́ mọ́ lítà omi kan, ẹ fọ́n ọn sábẹ́ ewé ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ fi omi ṣàn án láàárọ̀. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ewé kan. Ọṣẹ oníyẹ̀fun tí a fi ń fọ aṣọ le jù fún un.

Mo ra lẹ́túùsì ní ọjà Sásá, mo ki ìdí rẹ̀ sínú omi, ó ti ń yọ ewé! Ṣé kí n gbìn ín? — Àkúrẹ́

Ẹ gbìn ín fún ìgbádùn ojú. Ewé mélòó kan ló máa yọ, kò ní di odidi, á sì na ọ̀pá láìpẹ́ torí ó ti dàgbà tẹ́lẹ̀.

Mo ń tà á fún àwọn tó ń se oúnjẹ àríyá. Bí mo bá fi máa gbé e dé Alágbàká, ó ti rọ. Mo sì fẹ́ mọ bí mo ṣe lè fi hóró tèmi pamọ́. — Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA, South Gate

Aago mẹ́fà sí méje àárọ̀ ni kí ẹ gé e, nígbà tí omi kún inú ewé. Ẹ rì í sínú omi tútù tó mọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ fi aṣọ tútù wé e, kí ẹ gbé e sínú ọ̀rá tó ní ihò. Omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ ni kí ẹ lò, àti láti bomi rin ín àti láti fọ̀ ọ́. Ẹ má pọn omi odò Àlà tàbí ti gọ́tà fún ewé tí kò ní fojú kan iná. Ẹ má sì gbé e sínú àpótí kan náà pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí máńgòrò tó pọ́n, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára wọn máa ń jẹ́ kí ewé ní àpá búráùn. Bí eléwé títú ni, ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí márùn-ún sókè ilẹ̀. Á tún yọ lẹ́ẹ̀kejì.

Hóró kò nira. Lẹ́túùsì máa ń gba ìyẹ̀fun òdòdó ara rẹ̀, nítorí náà ọmọ sábà máa ń jọ ìyá. Èyí tó bá kọ́kọ́ na ọ̀pá ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gba hóró rẹ̀, wọ́n sì ń fi bẹ́ẹ̀ yan irú tó ń yára bàjẹ́. Èyí tó na ọ̀pá kẹ́yìn ni kí ẹ fi àmì sí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tí òdòdó ofeefee rẹ̀ bá ti rọ, òwú funfun á yọ lórí rẹ̀. Kì í gbó lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ẹ máa gbọn orí rẹ̀ sínú àpò bébà lọ́jọ́ méjì méjì kí atẹ́gùn tó gbé e lọ. Ẹ sá a sí ibòji fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ dè é sínú ìgò gbígbẹ pẹ̀lú ìrẹsì yíyan díẹ̀ tó ti tutù, ẹ kọ ọjọ́ sí i lára, kí ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ fíríìjì.